Bí ẹ ṣe lè ṣe àgbàlá tó máa yè ní aṣálẹ̀ Arizona, láìjẹ́ pé bílì omi ń ga sí i

Ìbéèrè kan ni àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Phoenix, Mesa, Chandler àti Tucson máa ń bi mí ṣáá: “Ojoojúmọ́ ni mò ń bomi rin igi yìí, kí ló dé tó ń gbẹ?” Ojoojúmọ́ yẹn gan-an ló ń pa á. Omi díẹ̀díẹ̀ tó ń dé lójoojúmọ́ kì í kọjá ínṣì mélòó kan sínú ilẹ̀. Gbòǹgbò á jókòó sókè níbi tí oòrùn ti ń yan ilẹ̀, iyọ̀ inú omi á ṣẹ́kù síbẹ̀, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, onílé á wá rò pé òǹgbẹ ni, á tún da omi sí i.

Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí dúró lórí ohun kan: kí omi wọlẹ̀ jìn, kí ó sì pẹ́ kó tó tún dé. Òjò ọdún kan gbáko ní Phoenix ò ju bí ínṣì 7 sí 8 lọ. Èkó máa ń rí ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù kẹfà nìkan. Ohun tí a fojú rí nídìí ọgbà nílé ò lè tọ́ wa sọ́nà níbí. Omi tí ilé kan ń lò níta láwọn ìlú aṣálẹ̀ wọ̀nyí sì lè tó 70% gbogbo omi tó ń sanwó fún, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú.

## Kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kanlẹ̀

1. Ẹ pe 811. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ pè wọ́n, ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì síbi tí wáyà iná, páìpù gáàsì àti ti omi gbà. Àmọ́ wọn kì í sàmì sí ohun tí onílé tẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, bíi páìpù gáàsì tó lọ síbi ìdáná ẹ̀yìnkùlé tàbí wáyà iná ọgbà. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ta ilé fún yín, tàbí kí ẹ sanwó fún ẹni tó máa wá a.

2. Tí àdúgbò yín bá ní HOA (ẹgbẹ́ àwọn onílé tó ń ṣòfin àdúgbò), ẹ fi àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ sílẹ̀. Àwọn míì ní orúkọ àwọn igi tí wọ́n fọwọ́ sí, títí dórí àwọ̀ òkúta.

3. Ẹ má tíì pa koríko. Àwọn ìlú kan, irú bíi Mesa àti Scottsdale, máa ń san owó fún onílé tó bá fi igi aṣálẹ̀ rọ́pò koríko. Irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ rí koríko náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ti wú u kó tó béèrè, owó náà ti lọ nìyẹn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ omi ìlú yín kọ́kọ́.

4. Ẹ dán ilẹ̀ wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Arizona, ilẹ̀ funfun kan wà lábẹ́ erùpẹ̀ tó le bíi kọnkéré. Caliche ni wọ́n ń pè é. Omi kì í gbabẹ̀ kọjá. Ẹ gbẹ́ ihò níbi tí ẹ fẹ́ gbin igi sí, kó jìn tó ibi tí ìdí igi náà máa jókòó sí, kí ẹ da omi kún un, kí ó fà tán, kí ẹ tún kún un. Tí omi ẹ̀ẹ̀kejì bá fi ínṣì 4 lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí 4, ilẹ̀ yẹn dára. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lu caliche náà já títí ẹ ó fi kan erùpẹ̀ tó ń fa omi, tàbí kí ẹ sún sí ibòmíì. Igi tó bá dúró nínú ihò tí kì í fa omi, inú omi ni gbòǹgbò rẹ̀ máa jẹrà sí.

5. Ẹ wọn omi ilé yín. Ẹ gbé garawa gálọ́ọ̀nù 5 sábẹ́ ẹ̀rọ omi ìta, kí ẹ tú u tán pátápátá, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní ó kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, ó túmọ̀ sí gálọ́ọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 600 ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe lò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ lórí fáàfù kan ṣoṣo (ohun tó ń ṣí omi fún apá kan ọgbà, tó sì ń tì í); nínú àpẹẹrẹ yìí, 450 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, a máa padà lò ó.

## Tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá

Ní Arizona, tí owó iṣẹ́ àti ti ohun èlò bá jọ tó $1,000, tàbí tí iṣẹ́ náà bá gba ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ ìlú, ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì látọ̀dọ̀ Arizona Registrar of Contractors. Fún iṣẹ́ àgbàlá àti páìpù omi ilé gbígbé, oríṣi láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní R-21 tàbí CR-21 ni kí ẹ máa wò. Ẹ gba nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì wọn. Ẹ máa rí i bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti bóyá àwọn onílé ti fẹjọ́ sùn.

Pé a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà ò lè rọ́pò láísẹ́ǹsì. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni wa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ó rọrùn fún ìjọba láti ràn yín lọ́wọ́ tí ẹni tó ṣe é bá ní láísẹ́ǹsì ju tí kò bá ní lọ.

Ẹ bi í ní àwọn ìbéèrè yìí, kí ẹ sì fetí sí bó ṣe dáhùn:

- Fáàfù mélòó ni ẹ máa fi sí i? (Tó bá ní ọ̀kan péré ló máa gbé igi, òdòdó àti cactus pọ̀, ẹ wá ẹlòmíì.)
- Báwo ni ẹ ṣe máa dán ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbin igi?
- Ṣé ẹ máa fún mi ní àwòrán ibi tí páìpù gbà?
- Tí igi bá kú, oṣù mélòó ni ẹ fi dúró fún un?

Ẹ má san gbogbo owó tán ṣáájú iṣẹ́. Ẹ pín in sí ìpele, kí ìpele tó kẹ́yìn dúró dìgbà tí wọ́n bá tan fáàfù kọ̀ọ̀kan níṣojú yín, tí ẹ sì rí i pé gbogbo ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ló ń kán.

## Igi wo, níbo?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí igi ńlá, torí ibòji lohun tí ilé nílò jù lọ. Lọ́dún 2023, fún ọjọ́ 31 tó tẹ̀ léra wọn, ooru ọ̀sán Phoenix ń dé 110°F tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, ìyẹn nǹkan bí 43°C. Ìwọ̀-oòrùn ilé ni ooru ọ̀sán ti ń wá. Ibẹ̀ ni kí igi àkọ́kọ́ dúró sí. Ẹ fún un ní fíìtì 15 sí 20 láti ara ògiri.

Igi: palo verde, mesquite, ironwood àti desert willow. Oríṣi palo verde tí wọ́n ń pè ní Desert Museum ò ní ẹ̀gún, ó sì ń tètè dàgbà. Tí àwọn ọmọdé bá wà nílé, òun ni màá yàn. Mesquite dára, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bomi rin ín jù, orí rẹ̀ á wúwo ju gbòǹgbò rẹ̀ lọ, ìjì monsoon (ìjì àti òjò ìgbà ooru níbí) á sì wó o.

Igi kéékèèké: Texas sage, red yucca, brittlebush, lantana. Bougainvillea fẹ́ràn ògiri tó gbóná.

Ẹlẹ́gùn-ún: agave, ocotillo, barrel cactus. Ẹ má lọ wú saguaro tàbí igi aṣálẹ̀ míì nínú igbó. Òfin Arizona dáàbò bò wọ́n. Tí ẹnì kan bá ń ta saguaro fún yín láìsí àmì ìjọba lára rẹ̀, ẹ má rà á.

Ẹ jìnnà sí fountain grass bó ti wù kó rẹwà tó. Ó máa ń sá wọ inú aṣálẹ̀, ó sì ń gbé iná igbó rìn.

Ọ̀pọ̀ onílé máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí gbogbo àgbàlá, wọ́n á ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà omi. Òkúta tí kò ní ibòji á gba ooru láti òwúrọ̀, á sì máa tú u sára ògiri títí di òru. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ nínú omi, ẹ̀rọ amúlétutù á gbà á. Ẹ lo òkúta, ó dára, bí ínṣì 2 ló tó, ṣùgbọ́n kí igi wà lórí rẹ̀.

## Páìpù àti omi ìkán

Omi ìkán, tí wọ́n ń pè ní drip, ló dára jù fún àgbàlá aṣálẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ léra nìyí láti ara páìpù ilé:

1. Backflow. Irin tó dúró sórí ilẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí omi ìdọ̀tí inú ọgbà padà sínú omi tí ẹ̀ ń mu. Oríṣi tó wọ́pọ̀, ìyẹn PVB, gbọ́dọ̀ fi ínṣì 12, ó kéré tán, ga ju ẹnu omi tó ga jù lọ nínú ọgbà lọ. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e lóru tí wọ́n bá ní omi lè dì.

2. Fáàfù, ó kéré tán mẹ́ta: ọ̀kan fún igi ńlá, ọ̀kan fún igi kéékèèké, ọ̀kan fún cactus. Tí ẹ bá ní ewébẹ̀ tàbí koríko, tirẹ̀ náà lọ́tọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dín owó kù, ibí náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi ńlá ń fẹ́ omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Cactus tó bá mu irú omi bẹ́ẹ̀, á jẹrà. Kò sí táímà tó lè yanjú ìyẹn lórí fáàfù kan.

3. Asẹ́, kí ìdọ̀tí má di ẹnu omi.

4. Ohun tó ń dín agbára omi kù sí psi 25 sí 30. Omi ilé lè ju 60 lọ. Tí ẹ ò bá dín in kù, páìpù kéékèèké á máa yọ kúrò lóríkèé.

5. Páìpù tó ń gbé omi káàkiri. Ẹ ri PVC mọ́lẹ̀ ní ínṣì 12 sí 18. Kọngílá tó bá fi páìpù dúdú lásán sábẹ́ òkúta ń dín iṣẹ́ kù fún ara rẹ̀ ni: oòrùn á jẹ ẹ́, ehoro á gé e, ṣọ́bìrì á sì bá a.

6. Kí ẹ tó fi emitter (ẹnu kékeré tí omi ń gbà kán) sí i, ẹ ṣí ìdí páìpù sílẹ̀, kí omi fọ iyanrìn àti èérún ike jáde. Ẹ fi ìdérí tó ṣeé ṣí síbẹ̀, kí ẹ lè máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

7. Emitter náà wá ní oríṣiríṣi. Gálọ́ọ̀nù 1, 2 tàbí 4 ní wákàtí kan ló wọ́pọ̀. Igi kékeré: emitter 1 tàbí 2. Igi tó wá nínú ìkòkò gálọ́ọ̀nù 15: emitter 3 tàbí 4 ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa fi kún un bó ṣe ń dàgbà. Ẹ ro gálọ́ọ̀nù tí gbogbo wọn ń tú ní wákàtí kan lórí fáàfù kan pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju iye tí ẹ kọ sílẹ̀ níbi garawa lọ.

8. Ẹ so wáyà fáàfù pọ̀ pẹ̀lú ìdérí tí omi ò lè wọ̀, èyí tó ní gírísì nínú. Wáyà tí wọ́n kàn fi téèpù dúdú wé á jẹrà nínú àpótí fáàfù.

Ìkìlọ̀ kan: àkekèé fẹ́ràn inú àpótí fáàfù. Ẹ fi igi ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má kàn ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ti Arizona, tí wọ́n ń pè ní bark scorpion, oró rẹ̀ le, pàápàá fún ọmọdé.

## Gbígbìn

Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta lásìkò tó dára. Ẹni tó bá gbin igi ní oṣù kẹfà, ó ń fi igi náà jìyà.

1. Kí ihò fẹ̀ tó ìdí igi náà ní ìlọ́po 3 sí 5, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ.
2. Ẹ yọ igi kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ wo gbòǹgbò. Èyí tó bá ti ká yípo, ẹ gé e tàbí kí ẹ tú u.
3. Erùpẹ̀ tí ẹ wú náà ni kí ẹ dá padà. Igi aṣálẹ̀ ò nílò ìlẹ̀dú. Tí ẹ bá fi ìlẹ̀dú kún ihò, gbòǹgbò á jókòó sínú rẹ̀, kò ní jáde.
4. Ẹ bomi rin ín dáadáa lọ́jọ́ náà.
5. Ẹ yọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ọn láti ilé ìtajà. Tí kò bá lè dá dúró, ẹ ri òpó méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ so ó lọ́nà tí atẹ́gùn fi lè mì ín. Ìmì yẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn.

Ẹ má tẹ́ ọ̀rá ike sábẹ́ òkúta. Omi òjò ò ní wọlẹ̀, koríko á sì ṣì hù sórí eruku tó bá kó jọ lórí rẹ̀.

## Ọjọ́ mélòó sí ọjọ́ mélòó?

Èyí wà fún ohun tó ti fìdí múlẹ̀. Igi ńlá máa ń gbà tó ọdún 3, igi kéékèèké bí ọdún 2, cactus ọdún 1.

- Igi aṣálẹ̀: nígbà ooru, ọjọ́ 7 sí 21 síra wọn, nígbà òtútù, ọjọ́ 30 sí 60. Kí omi wọlẹ̀ ínṣì 24 sí 36.
- Igi kéékèèké aṣálẹ̀: nígbà ooru, ọjọ́ 7 sí 21, nígbà òtútù, ọjọ́ 30 sí 45. Ínṣì 18 sí 24.
- Cactus àti agave: nígbà ooru, ọjọ́ 14 sí 28, nígbà òtútù, àfi tó bá nílò rẹ̀. Ínṣì 8 sí 12.
- Igi tí kì í ṣe ti aṣálẹ̀: nígbà ooru, ọjọ́ 7 sí 10, nígbà òtútù, ọjọ́ 14 sí 30.

Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ní oṣù kẹwàá, ẹ bomi rin ín ní ọjọ́ 3 tàbí 4 síra wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa fà á gùn díẹ̀díẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé omi ti wọlẹ̀ tó? Ẹ wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó fíìtì 3. Lẹ́yìn tí omi bá ti kán tán, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tì í bọ ilẹ̀. Ibi tó tutù, ó máa wọlé wẹ́rẹ́. Ibi tó gbẹ, ó máa dúró gbọingbọin. Ẹ wọn bó ṣe wọlé tó. Tó bá jẹ́ ínṣì 12 péré lábẹ́ igi ńlá, ẹ fi wákàtí kún un, ẹ má fi ọjọ́ kún un. Emitter 6 tó ń tú gálọ́ọ̀nù 4 ní wákàtí kan, tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3, gálọ́ọ̀nù 72 nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ohun tí igi kan nílò gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti rí tí táímà wọn wà lórí ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́.

Ẹ yí táímà padà, ó kéré tán, ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Tí òjò monsoon bá rọ̀ dáadáa, ẹ pa á fún ìgbà díẹ̀.

## Ohun tó máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì

Emitter ṣì wà nídìí igi. Igi ti dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ ti nà, síbẹ̀ ibi tí wọ́n fi emitter sí lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣì ń kán sí. Gbòǹgbò tó ń mu omi wà lábẹ́ etí ẹ̀ka. Ẹ máa sún emitter jáde síbẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ fi òmíràn kún un, kí wọ́n yí igi ká. Igi tí omi rẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kan ni ìjì máa wó o sí.

Omi ò kán mọ́. Omi Phoenix ní ẹfun púpọ̀, ó máa ń dì mọ́ ẹnu emitter. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gé ẹ̀ka igi jù nígbà ooru. Oòrùn á jó èèpo rẹ̀ tí kò ní ewé lórí mọ́. Ẹ̀ka tó ti kú tàbí tó fẹ́ ya nìkan ni kí ẹ gé lásìkò náà.

## Tí owó ò bá tíì tó fún gbogbo rẹ̀

Ẹ gbin igi méjì sí ìwọ̀-oòrùn ilé lọ́dún yìí, kí ẹ gbẹ́ kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká, kí ẹ jẹ́ kí rọ́bà omi máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ síbẹ̀ títí irin á fi wọlé fíìtì 2 sí 3. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn rárá.

Ẹ tún lè darí omi òjò láti orí òrùlé lọ sídìí igi. Tucson máa ń dá owó padà fún onílé tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi ìfọṣọ náà ṣeé lò: Arizona gbà á láàyè láìgba ìwé àṣẹ tí kò bá ti ju gálọ́ọ̀nù 400 lọ lóòjọ́, tí kò dúró sójú ilẹ̀, tí kò sì kúrò nínú ilẹ̀ yín. Èyí tí ẹ fi fọ ìtẹ́dìí ọmọ ò sí lára rẹ̀. Ẹ lo ọṣẹ tí kò ní bọ́rásì tàbí iyọ̀, kí ẹ má sì dà á sí ohun jíjẹ, àfi igi ọsàn àti igi tí èso rẹ̀ wà nínú èèpo líle (nut).

Nípa ewébẹ̀ wa: ewédú àti ilá fẹ́ràn ooru yìí, ẹ gbìn wọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná, láti oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìṣápá náà ń ṣe dáadáa. Àwọn yìí yàtọ̀ sí igi aṣálẹ̀: ẹ da ìlẹ̀dú sí ilẹ̀ wọn, ẹ fún wọn ní fáàfù tiwọn, torí nígbà ooru wọ́n lè fẹ́ omi lójoojúmọ́. Ata rodo ló ń fẹ́ sùúrù. Láti oṣù kẹfà, òdòdó rẹ̀ á máa já sílẹ̀ torí ooru. Ẹ ta aṣọ ibòji tó ń dí 30% sí 50% oòrùn sórí rẹ̀, ẹ má wú u, ẹ má fi ajílẹ̀ kún un. Tí òru bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, á tún so.